Púlọ́ọ̀gì Tí Asomua Pààrọ̀

Bí ẹ bá gbé ẹ̀rọ kan sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi ní Salelologa, ní erékùṣù wa, tí ẹ ò kọ́kọ́ gbé e dé ọ̀dọ̀ Asomua, á jẹ́ pé òórùn nǹkan tó ń jó ló ń wù yín gbọ́. Abẹ́ igi gbẹ̀rẹ̀fúùtù ló máa ń jókòó sí, ilé mi ò sì ju ìṣísẹ̀ mẹ́wàá síbẹ̀. Á gbé ẹ̀rọ lé itan, á wo ẹsẹ̀ púlọ́ọ̀gì rẹ̀. Bí ẹsẹ̀ méjèèjì bá dúró ṣanṣan, á ní, "Pago lèyí ti wá, lọ́dọ̀ àwọn ará Amẹ́ríkà. Ìdajì iná wa ni wọ́n ń lò níbẹ̀. Ẹ má kì í bọ ihò iná ara ògiri o." Bí ẹsẹ̀ náà bá dagun, á ní, "Tiwa ni. Ẹ máa gbé e lọ." Ó tún máa ń dojú ẹ̀rọ dé, á ka ohun tí wọ́n kọ sí ìdí rẹ̀, ṣùgbọ́n kò kọ́ ẹnikẹ́ni níyẹn. Ẹsẹ̀ nìkan ló kọ́ wa.

Ìyàwó rẹ̀ ti kú. Ọmọ rẹ̀ obìnrin kan ṣoṣo, Taimane, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, àti ìyá ìyàwó rẹ̀, Leutu, ló kù sílé. Ẹ̀dọ̀fóró Leutu ti bàjẹ́. Iakopo, ọmọ Leutu ọkùnrin, ra ẹ̀rọ tó ń fúnni léèémí ránṣẹ́ láti Pago, Asomua sì fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe taransífọ́mà tó máa dín iná kù fún un. Àmọ́ ihò ara taransífọ́mà náà, tiwa ni, ẹsẹ̀ ṣanṣan ò lè wọ̀ ọ́. Ló bá gé ẹsẹ̀ ṣanṣan kúrò lára ẹ̀rọ, ó fi ẹsẹ̀ dídagun sí i.

Mo wà níbẹ̀. Mo ní, "Asomua, ṣé o ò ní kọ nǹkan sí i lára?"

Ó ní, "Ta ló fẹ́ fọwọ́ kàn án? Ṣebí inú ilé mi ló wà."

Mo rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ń dùn mí títí dòní.

Oṣù méjì ni Leutu fi mí dáadáa, ó tiẹ̀ tún bẹ̀rẹ̀ sí í bú mi. "Ṣé ẹlẹ́dẹ̀ lo se kókò yìí fún ni? Ó le bí òkúta!" Inú mi ń dùn pé ẹnu rẹ̀ ti padà.

Ní Sátidé kan, díákónì dé: pásítọ̀ fẹ́ yá taransífọ́mà fún ẹ̀rọ gbohùngbohùn tí wọ́n gbé wá láti Pago, akọrin fẹ́ gbáradì. Lọ́dọ̀ wa, ta ni yóò wí fún pásítọ̀ pé rárá? Asomua gbé e lé èjìká. Ó sọ fún Taimane pé, "Sìlíńdà atẹ́gùn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ màmá á tó wákàtí mẹ́ta. Màá ti dé kó tó tán." Kò sọ ohunkóhun nípa ẹsẹ̀ tó pààrọ̀ lára ẹ̀rọ, bẹ́ẹ̀ òun nìkan ló máa ń tàn án.

Orin pẹ́. Asomua fẹ́ dìde, ìyàwó pásítọ̀ ní kó jẹun ná. Ó sì jẹun!

Atẹ́gùn tán. Màmá ń jà fún èémí. Taimane fa ẹ̀rọ, ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀ bí bàbá rẹ̀ ti kọ́ ọ, ó rí i pé ó dagun, ó kì í bọ ògiri. Gbàù! Èéfín bo yàrá. Mo sáré dé, a gbé Leutu dé etí títì, a ń retí ọkọ̀ ilé ìwòsàn. Orí itan mi ló kú sí.

Iakopo dé láti Pago, ó ní, "Ta ló kì í bọ ògiri?"

Taimane ní, "Èmi ni."

Asomua wà níbẹ̀. Mo ń retí kó sọ̀rọ̀. Ilẹ̀ ló ń wò.

Ọjọ́ mẹ́fà! Àwọn ará abúlé ń pe ọmọ náà ní ọmọ oníná tó finá pa ìyá àgbà. Kò jẹun. Ara mi ò gbà á mọ́, mo lọ bá bàbá rẹ̀. "Asomua, ojú kì í tì ọ́ ni? Ṣé ọmọ ló máa ru ẹrù ẹ dé sàréè?" Ó bú sẹ́kún.

Ní òwúrọ̀ kejì, ó gbé ẹní olówó gọbọi tí ìyàwó rẹ̀ fi sílẹ̀, ó lọ kúnlẹ̀ níwájú ilé tí Iakopo ní lábúlé wa, ó fi ẹní bo orí, gẹ́gẹ́ bí ẹni tó jẹ̀bi ikú ti ń ṣe láàárín wa. Ó ń kígbe lábẹ́ rẹ̀ pé, "Èmi ni mo pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì! Èmi ni mo gbé taransífọ́mà lọ! Ọmọ mi ò mọwọ́-mẹsẹ̀!" Oòrùn mú gan-an kí Iakopo tó jáde. Ó ṣí ẹní kúrò lórí rẹ̀. "Dìde, àna mi. Ó ti tán." Wọ́n dì mọ́ra, wọ́n sunkún.

Taimane dúró lẹ́nu ilé Iakopo, àbúrò ìyá rẹ̀, níbi tó ti ń sùn láti ìgbà ìsìnkú. Asomua na ọwọ́ sí i. "Ọmọ mi, jẹ́ ká máa lọ sílé."

"Bàbá, ṣé láti Sátidé lẹ ti mọ̀?"

"Mo ti mọ̀."

"Nígbà tí mo ń bẹ màmá nínú pósí pé kí wọ́n dárí jì mí, ẹ̀gbẹ́ mi lẹ dúró sí."

Ọmọ náà ká ẹní yẹn dáadáa, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un bí ẹni ń fún àlejò ní nǹkan, ó sì padà sínú ilé Iakopo.