Mítà Tí Kò Fẹ́ Dúró ní Peckham

Aago mẹ́rin ìdájí ni mo kúrò ní Ṣágámù. Ìyàwó mi tẹ̀lé mi dé ẹnu géètì pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́, ó ń ka ẹrù inú àpótí mi fún mi lọ́kọ̀ọ̀kan kí n má bàa sọ pé n kò mọ̀: gàrí Ìjẹ̀bú, ata gígún, ẹja gbígbẹ tó fi ọ̀rá mẹ́rin dì kó má bàa kó ìtìjú bá mi nínú bàálù. Ohun kan wà tí kò kà, nítorí èmi fúnra mi ni mo fi í sí ìsàlẹ̀ pátápátá. Ìwé àdéhùn gáàsì ni, tó ti gbó, tí etí rẹ̀ ti ká.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ẹni tí mo jẹ́. Ọdún mẹ́tàlélógún ni mo fi ṣọ́ mítà gáàsì ní ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣe ìgò. Ní aago mẹ́fà àárọ̀ lójoojúmọ́, èmi àti ọmọ iṣẹ́ àwọn tó ń ta gáàsì fún wa á jọ dúró níwájú mítà, a ó jọ kà á, a ó jọ fọwọ́ sí ìwé. Bẹ́ẹ̀ ni àdéhùn wa wí. Ó tún wí pé gáàsì tó ń ṣàn wọlé kò gbọdọ̀ dín ní iye kan láàárín wákàtí kan, nítorí bí iná bá rọlẹ̀, ìgò yíyọ́ á dì mọ́ inú ààrò. Ó ní mítà kò gbọdọ̀ fi ju méjì nínú ọgọ́rùn-ún ṣìnà, ìbáà jẹ́ sókè, ìbáà jẹ́ sísàlẹ̀. Mo mọ ìwé yẹn sórí bí àwọn ẹlòmíràn ṣe mọ oríkì ilé wọn. Ìdí nìyẹn tí àdúgbò fi ń pè mí ní Bàbá Mítà, orúkọ náà sì dùn mọ́ mi ju bó ṣe yẹ lọ.

Àbúrò mi obìnrin, Ṣìkírátù, ló ránṣẹ́ pè mí. Ó ń ṣe búrẹ́dì Agége ní Peckham, ní gúúsù Lọ́ńdọ̀n. Obìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Aunty Fólúkẹ́, tó ń gbé oúnjẹ lọ fún àwọn nọ́ọ̀sì ní Camberwell, máa ń gba igba búrẹ́dì lọ́wọ́ rẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀. Jímọ̀ mẹ́ta léraléra ni iná ààrò Ṣìkírátù ti rọ, tí búrẹ́dì rẹ̀ funfun bí ẹni tí ibà dá dúbúlẹ̀. Aunty Fólúkẹ́ sì ti kìlọ̀ pé bí ìkẹrin bá tún rí bẹ́ẹ̀, òun á wá oníbúrẹ́dì mìíràn. Ìdajì ọjà Ṣìkírátù nìyẹn. Òun gbà pé gáàsì tí wọ́n ń fún òun kò tó iye tó wà nínú àdéhùn, pé mítà sì ń purọ́. Ó ti ní kí wọ́n wá yẹ̀ ẹ́ wò lọ́jọ́ Jímọ̀ kẹrin yẹn gan-an, ó sì fẹ́ kí èmi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dúró ti òun. Ta ni wọ́n á ṣẹ̀ṣẹ̀ máa bẹ̀ sí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀? Ọjọ́ tó pè mí ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá fìlà tí màá dé.

Wákàtí mẹ́fà àti ààbọ̀ ni bàálù fi gbé wa. Búrẹ́dì róbótó kan tí wọ́n fún mi lókè kò kún àtẹ́lẹwọ́ mi, mo sì rò ó pé bí irú èyí bá ni wọ́n ń jẹ níbẹ̀, kò yani lẹ́nu pé àbúrò mi rówó ṣe. Ṣìkírátù ti ń dúró dè mí pẹ̀lú kóòtù tó gùn dé orúnkún. Bó ṣe rí mi ló kúnlẹ̀ láàárín èrò. Òyìnbó kan tó ń kọjá rò pé nǹkan ló bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀, ó ń bá a wá a nílẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi, Ṣìkírátù náà rẹ́rìn-ín, òyìnbó náà bá wa rẹ́rìn-ín láìmọ ìdí.

Reluwé abẹ́ ilẹ̀ la wọ̀ títí dé Elephant and Castle. N kò rí erin, n kò rí ààfin, kìkì ẹ̀rọ gíga tó ń kọ́lé kún ibẹ̀. Láti ibẹ̀ la wọ bọ́ọ̀sì pupa olókè méjì. Mo na owó sí dírẹ́bà gẹ́gẹ́ bí ọmọlúwàbí. Ó wo fìlà abetí-ajá mi, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Bàbá, ẹ káàbọ̀ o. Wọn kì í gba cash níbí. Ẹ jẹ́ kí Mummy tap fún yín."

"Báwo lẹ ṣe mọ̀ pé Yorùbá ni mí?"

"Ah, Daddy! Fìlà yín ti greet mi kẹ́ ẹ tó lanu."

Táápù tó wí nìyẹn: wọ́n á fi káàdì kan ojú ẹ̀rọ kékeré kan, á dún, owó á sì ti lọ. Pọ́n-ùn kan àti pẹ́ńsì márùndínlọ́gọ́rin ni, bóyá èèyàn ń lọ sí ìbùdókọ̀ kejì o tàbí sí ìparí ọ̀nà. Kò sí ẹni tó ń pariwo "wọlé pẹ̀lú ṣéńjì ẹ." Gbogbo èrò dákẹ́ lọ bí ẹni pé wọ́n bára wọn jà. Ṣùgbọ́n bá a ṣe sọ̀ ní Peckham, ariwo padà dé, ọkàn mi sì balẹ̀. Mo rí iṣu, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà, ìgbín tó ń rìn lórí ara wọn nínú ike. Ẹnì kan ń ná ẹja ní Yorùbá Èkó, ẹni tó ń tà á ń dá a lóhùn ní gẹ̀ẹ́sì, kò sì sí èyí tó ṣi èkejì gbọ́ nínú wọn.

Abẹ́ afárá reluwé ni ilé búrẹ́dì Ṣìkírátù wà, nínú ihò ńlá oníbíríkì tí wọ́n ń pè ní áàṣì. Bí reluwé bá kọjá lókè, gbogbo agolo búrẹ́dì á máa gbọ̀n. Ilé ìdáná àwọn obìnrin ẹgbẹ́ Mùsùlùmí kan ló wà nínú áàṣì kejì. Ọjọ́ Jímọ̀ nìkan ni wọ́n ń dáná níbẹ̀, ìrẹsì ni wọ́n sì ń sè fún àwọn tó bá ti mọ́ṣáláṣí dé. Olórí wọn, Alhaja Múìnátù, gbé àkàrà wá kí mi káàbọ̀ lọ́jọ́bọ̀.

"Bọ̀dá, àbúrò yín mà dáa o," ló wí. "Ṣìkírá yìí, òun ni iná wa níbí."

Mo rò pé oríkì ni. Mo dúpẹ́, mo jẹ àkàrà mi.

Ọjọ́bọ̀ yẹn kan náà ni mo yẹ ààrò wò. Iná rẹ̀ ń jó dáadáa, ó pọ́n búrẹ́dì bó ṣe yẹ. Ṣìkírátù ní, "Ṣé ẹ rí i? Fridays nìkan ni. Wọ́n ń cheat mi ni, Bọ̀dá." Mo ní òótọ́ ló wí, pé wọ́n mọ̀ pé ọjọ́ yẹn ni ọjà pọ̀, wọ́n ń dín in kù. Agbẹ́jọ́ ẹnì kan dá, àgbà òṣìkà. Mo mọ òwe yẹn dáadáa, mo sì tún ṣe òṣìkà náà.

Aago méje àárọ̀ Jímọ̀ ni ẹni tó ń yẹ mítà dé. Desmond lorúkọ rẹ̀, ọmọ Jàmáíkà tí wọ́n bí sí Lọ́ńdọ̀n, irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun. Mo dé fìlà mi, mo yọ ìwé àdéhùn mi àtijọ́, mo sì sọ fún un ní gẹ̀ẹ́sì ilé iṣẹ́ ìgò pé nǹkan kan kò gbọdọ̀ ṣẹlẹ̀ níwájú mítà yìí àfi kí èmi àti òun jọ kà á, ká jọ fọwọ́ sí i. Mo retí ìjà. Inú rẹ̀ dùn! Ó ní láti ọjọ́ tóun ti ń ṣiṣẹ́, àwọn èèyàn kàn máa ń ṣépè fún òun ni, kò sí ẹni tó ní káwọn jọ kà á rí.

A jọ kà á. Ó fi mítà tirẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ti Ṣìkírátù, a fi méjèèjì wéra. Ti Ṣìkírátù kò ṣìnà tó ẹyọ kan nínú ọgọ́rùn-ún. Gáàsì tó ń dé ibẹ̀ sì ju iye tí àdéhùn ní kò gbọdọ̀ dín. Síbẹ̀, lẹ́yìn wa níbẹ̀, iná ààrò ń rọ, ó ń rọ. Ìyẹ̀fun ti wú nínú agolo. Aago mẹ́sàn-án ti fẹ́ lù, aago mọ́kànlá sì ni mọ́tò Aunty Fólúkẹ́ ń bọ̀.

Ṣìkírátù jókòó sórí àpò ìyẹ̀fun. "Ó ti parí nìyẹn, Bọ̀dá. Mo ti fi ẹnu ara mi pe mítà lólè, mítà ò sì jalè."

Àánú rẹ̀ ṣe mí. Ìgbà yẹn ni mo rántí ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ tí ọ̀gá mi kọ́ mi: bí o kò bá mọ ẹni tó ń mu gáàsì, pa gbogbo iná, kí o wo mítà. Mo ní kí wọ́n pa ààrò. Wọ́n pa á. Èmi àti Desmond wo ojú mítà.

Kò dúró. Ó ń yí lọ, ó ń sáré bí ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́ kánjúkánjú.

Desmond gbé ẹ̀rọ tó ń gbóòórùn gáàsì jáde, ó fi tọ páìpù lọ. Kò jò níbì kankan. Ó sún àpò ìyẹ̀fun mẹ́ta sẹ́yìn, àṣé páìpù kan ti yà níbẹ̀, ó wọ inú ògiri lọ. Òórùn ìrẹsì àti ẹran díndín ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́.

"What's this, madam?" ló bèèrè.

"That one?" Ṣìkírátù ò tiẹ̀ dìde. "Ti Alhaja ni."

"Ti Alhaja báwo?" ni mo pariwo.

"Gáàsì tiwọn kò tíì dé. Wọ́n ní kí n fún àwọn níná lọ́jọ́ Jímọ̀, mo sì pe plumber. It's about three weeks now. Bọ̀dá, ṣé ìyẹn náà jẹ́ nǹkan ni? Iná lásán ni wọ́n wá fọn. Ṣé Màmá wa lé ẹni tó wá fọnná rí?"

Ààrò màmá wa ni mo ń wò lọ́kàn. Ní ìdájí, àwọn obìnrin agbolé á dé pẹ̀lú àpáàdì, wọ́n á fọn ẹyin iná lọ sílé wọn, iná tiwa kò sì dín rí. Bí wọ́n ṣe tọ́ wa nìyẹn. Ta ló sọ fún ọmọ ààrò bẹ́ẹ̀ pé gáàsì kì í ṣe ẹyin iná, pé èyí tó bá wọ ògiri lọ kò ní padà? Èmi tí mo ti fi ọdún mẹ́tàlélógún mọ̀ ọ́n, mo jẹ àkàrà ẹni tó ń jẹ́wọ́ rẹ̀ fún mi, mo sì kí i pé ó ṣeun. Ojú tì mí gidigidi, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ló jáde.

Desmond kò rẹ́rìn-ín. Ó ní àdéhùn kò gbà kí gáàsì ilé kan wọ ilé kejì, pé ó léwu, pé wọ́n lè já iná Ṣìkírátù pátápátá nítorí rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wo ìyẹ̀fun tó wú, ó wo àbúrò mi. "Ohun tí mo bá rí ni màá kọ," ló wí. "Mo rí páìpù, ẹ gbà kí n yọ ọ́, mo yọ ọ́. Ṣé ẹ gbà?"

"A gbà," lèmi àti Ṣìkírátù jọ dáhùn.

Ó dí i pa. Wọ́n tan ààrò, iná sì gbéra bùlà, àwọ̀ búlúù, ohùn rẹ̀ kún gbogbo áàṣì. Búrẹ́dì wọlé. Kò pẹ́ ni Alhaja Múìnátù já wọlé pẹ̀lú ìpọnbẹ̀ lọ́wọ́.

"Ṣìkírá! Iná ti lọ o! Ìrẹsì mi ò tíì jinná, people are coming after Jumat!"

Èmi ń wá ẹjọ́ tí màá rò. Ṣìkírátù kò wá nǹkan kan. "Alhaja, ẹ máa gbé àwọn ìkòkò yẹn bọ̀. Bí búrẹ́dì bá ti jáde, ààrò á ṣì gbóná."

Aago mọ́kànlá kọjá díẹ̀ kí Aunty Fólúkẹ́ tó dé. Ó tẹ búrẹ́dì, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀ tó pọ́n rẹ́súrẹ́sú. "Praise God! Ṣìkírá, báyìí ni mo ṣe fẹ́ ẹ. Next Friday, same time." Bó ṣe ń kó búrẹ́dì jáde ni Alhaja ń gbé ìkòkò wọlé, àwọn méjèèjì ń fún ara wọn lọ́nà lẹ́nu ilẹ̀kùn. Kí àwọn èèyàn tó ti Jímọ̀ dé, ìrẹsì ti jinná, òórùn búrẹ́dì sì wọ̀ ọ́ lára. Desmond jẹ àwo kan, ó tún fi ewé ìwé di búrẹ́dì kan lọ. Kó tó lọ, èmi àti òun tún jọ ka mítà, a sì jọ fọwọ́ sí i.

Wọ́n ti fẹnu kò kí n tó kúrò ní Peckham: títí gáàsì Alhaja yóò fi dé, búrẹ́dì á kọ́kọ́ jáde, ìkòkò á tẹ̀lé e. Mo fi ọwọ́ ara mi kọ ọ́ sínú ìwé, mo sì fi kún un pé ìrẹsì tí wọ́n bá bù fún Ṣìkírátù kò gbọdọ̀ dín ní àwo méjì. Gbogbo wọn fọwọ́ sí i.

Ọ̀sán Ọjọ́rú ni mo padà dé Ṣágámù. Mo lọ kọ́ ará Lọ́ńdọ̀n ní mítà, èmi ni wọ́n kọ́ ní ẹ̀kọ́ kan tí kò sí nínú ìwé mi: ààyè wà láti má ṣe já àdéhùn, kéèyàn má sì já aládùúgbò ẹni kulẹ̀. N kò tíì bọ́ bàtà tí Ìyá Ṣeun, aládùúgbò wa, fi yọjú lókè ògiri.

"Bàbá Mítà, ẹ káàbọ̀! Ẹ jọ̀ọ́, gáàsì wa tán sórí ọbẹ̀. Ẹ yá wa ní sílíńdà yín."

Ìyàwó mi wò mí. Sílíńdà wa kan ṣoṣo ni, ẹ̀wà wa sì wà lórí rẹ̀.

"Ìyá Ṣeun," mo ní, "ẹ fi sílíńdà sílẹ̀. Ẹ gbé ìkòkò wá."