Gbólóhùn Tí Kò Ní Ẹlẹ́rìí

Ọjọ́ tí àgbàlagbà bá ní òun ń lọ kọ́ kọ̀ǹpútà, kí ó múra sílẹ̀ fún ẹ̀rín. Ìyá kan wà tí àdúgbò ń pè ní Ìyá Rọra, nítorí kì í kánjú ran aṣọ ẹnikẹ́ni. Nígbà tí ó sọ fún àkọ́bí rẹ̀ obìnrin lórí fóònù, ẹ̀rín pa ìyẹn.

"Mọ́mì, ẹ̀yin tí ẹ ń fi ìka kan tẹ fóònù bí ẹni ń fọwọ́ kan irin gbígbóná?"

"Ìka kan náà ni mo fi kọ́ ẹ ní ABD."

Ní ọ̀sán Ọjọ́rú, àwọn méje ni wọ́n máa ń jókòó nínú yàrá ẹ̀yìn ilé ìkàwé. Olùtọ́jú ìwé, obìnrin kan tí kì í rẹ́rìn-ín, ń kọ́ wọn bí a ṣe ń tún ìwé ìmọ̀ orí íńtánẹ́ẹ̀tì ṣe, ìwé tí gbogbo ayé jọ ń kọ, tí ẹnikẹ́ni tó bá rí àṣìṣe níbẹ̀ lè tún un ṣe. Òfin rẹ̀ kò ju mẹ́ta lọ. Ohun tí ìwé tí a tẹ̀ jáde kò bá jẹ́rìí sí, ẹ yọ ọ́. Ẹ má kọ nípa ẹbí yín. Bí ẹnìkan bá dá ohun tí ẹ yọ padà, ẹ má bá a jà. Ẹ lọ sí ojú ìwé ìfọ̀rọ̀wérọ̀, kí ẹ bi í léèrè.

"Bó bá jẹ́ òótọ́ ńkọ́?" Ìyá Rọra bi í.

"Màmá, a kì í béèrè bóyá òótọ́ ni. Ohun tí à ń béèrè ni pé, ṣé ẹlòmíràn lè lọ yẹ̀ ẹ́ wò?"

Ìyá Rọra rò ó lọ́kàn pé bí Èṣù bá fẹ́ ṣòfin, bí yóò ṣe ṣe é nìyẹn.

Nígbà tí wọ́n ní kí kálukú mú ojú ìwé kan, ó mú ti ilé-iṣẹ́ omi àtijọ́. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé ọkọ òun ni olùṣọ́ omi níbẹ̀ ní ọdún méjìlélógún sẹ́yìn, lọ́jọ́ tí ògiri wó tí omi gba ilé àwọn ará ìsàlẹ̀. Wọn kò rí òkú rẹ̀. Ìwé ìròyìn kọ ọ́ pé ó fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó sá lọ. Gbólóhùn yẹn ló sì wà lórí ojú ìwé náà, tòun ti ẹlẹ́rìí rẹ̀ nísàlẹ̀. Ọmọ asálọ ni wọ́n ń pe àwọn ọmọ rẹ̀ nílé ìwé títí wọ́n fi jáde. Ìdí tó fi wá kọ́ṣẹ́ gan-an nìyẹn: ó fẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà kúrò níbẹ̀ kí òun tó kú.

Ní Ọjọ́rú kẹrin, ó ṣí ojú ìwé náà, ó bá gbólóhùn tuntun: "Olùṣọ́ omi kò sá. Ó wà nínú yàrá kẹta, ó ń ti omi pa." Kò sí orúkọ ẹni tó kọ ọ́, nọ́ńbà lásán ló wà níbi orúkọ.

Olùtọ́jú ìwé bẹ̀rẹ̀ wo ẹ̀rọ náà láti ẹ̀yìn rẹ̀.

"Ẹlẹ́rìí dà?"

"Kò sí."

"Ẹ yọ ọ́, Màmá."

Ẹ wò ó ná. Ọ̀rọ̀ tí ènìyàn ti ń gbààwẹ̀ lé lórí láti ọdún méjìlélógún, òun náà ni kó fọwọ́ ara rẹ̀ pa á rẹ́. Ó pa á rẹ́. Kò tíì gbé ìka kúrò tán tí gbólóhùn náà fi padà sáyè rẹ̀, ó sì ti gùn sí i: "Ilẹ̀kùn ti há. Ẹsẹ orin kan ṣoṣo ló ń kọ lákọtúnkọ."

Ọkọ Ìyá Rọra kò mọ orin ìjọ kankan kọjá ẹsẹ kìíní. Bí ẹ̀rù bá bà á, yóò máa kọ ẹsẹ yẹn ní àkọtúnkọ. Ìyàwó rẹ̀ nìkan ló mọ̀. Ọkùnrin wo ni yóò fẹ́ kí ayé gbọ́ irú rẹ̀?

"Ta ló ń ṣeré?" Olùtọ́jú ìwé wo yàrá yíká. Àwọn mẹ́fà yòókù ti ká ọwọ́ lẹ́rán, wọ́n ń wo ẹ̀rọ Ìyá Rọra bí ẹni ń wo inú kànga.

Ìyá Rọra pe orúkọ Olúwa lábẹ́lẹ̀, ó lọ sí ojú ìwé ìfọ̀rọ̀wérọ̀, ó fi ìka kan tẹ̀ ẹ́: "Ẹ jọ̀ọ́, ta ni ẹlẹ́rìí yín?"

Ìdáhùn dé kí ó tó mí: "Ẹ wá yẹ̀ ẹ́ wò."

"Ọmọ mi," ó sọ fún olùtọ́jú ìwé, "mo ti ṣẹ̀. Ọkọ mi ni."

"A jẹ́ pé ẹ kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ojú ìwé yìí mọ́."

"N kò ní í fọwọ́ kàn án. Ilé-iṣẹ́ omi ni mò ń lọ."

Olùtọ́jú ìwé wo ẹ̀rọ náà, ó wo ìyá, ó gbé báàgì rẹ̀. "Ẹ̀yin kọ́ ni ẹlòmíràn, Màmá. Èmi ni."

Ọ̀gá tó wà níbi iṣẹ́ omi kọ́kọ́ rò pé orí wọn ti dàrú. "Íńtánẹ́ẹ̀tì ló rán yín wá wó ògiri yàrá kẹta?" Ṣùgbọ́n Ìyá Rọra jókòó sẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, ó ń ka ìwé àdúrà sókè. Ní ọjọ́ kẹrin, ọ̀gá pe bíríkìlà méjì. Wọ́n fọ́ búlọ́ọ̀kù tí wọ́n fi dí ẹnu yàrá kẹta lẹ́yìn ìkún omi, wọ́n kó ẹrẹ̀ tó ti gbẹ jáde. Olùtọ́jú ìwé nìkan ló wọlé. Ó pẹ́ kó tó jáde.

"Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ṣì wà lára irin tí wọ́n fi ń ti omi pa," ó wí.

Ìyá Rọra kò ké. Ó bọ́ bàtà rẹ̀, ó dúró lórí ilẹ̀ níbẹ̀.

Ìwé ìròyìn gbé e jáde lọ́jọ́ Ẹtì. Olùtọ́jú ìwé ṣí ojú ìwé náà lójú Ìyá Rọra, ó yọ ọ̀rọ̀ àsálọ kúrò, ó kọ ọ́ pé olùṣọ́ omi kú sẹ́nu iṣẹ́, ó fi ẹlẹ́rìí sí i. Ó wá gbólóhùn tí kò ní ẹlẹ́rìí yẹn kí ó lè yọ ọ́. Kò bá a níbẹ̀ mọ́. Ó ṣí ibi tí wọ́n ń kọ gbogbo àtúnṣe sí. Nọ́ńbà ọjọ́sí náà ló yọ ọ́ fúnra rẹ̀, ní wákàtí tí bíríkìlà ń fọ́ ògiri lọ́wọ́. Ìdí tó kọ sí i ni: "Ẹlẹ́rìí ti dé."

Olùtọ́jú ìwé pa ẹ̀rọ náà.

"Màmá, ẹ jẹ́ kí n sìn yín délé."

Kì í ṣe nítorí ìyá ló fi sọ bẹ́ẹ̀. Kò fẹ́ kó ku òun nìkan nínú yàrá yẹn ni.