Ilẹ̀ Ọ̀sà Tí Ó Jẹun Yó Jù

Bí mo bá ní akàn ẹ̀yìnkùlé wa n'Ajégúnlẹ̀ tóbi débi pé ọ̀kan wọ bàtà mi lọ dé Warehouse Road, ẹ gbà bẹ́ẹ̀. Ìyàwó mi tó ń dẹ ìgèrè sínú ẹrẹ̀ ọ̀sà tó wà níbẹ̀, tó ń fi akàn rẹ̀ jẹun, kò tíì pè mí ní onírọ́.

Ọ̀rẹ́ mi kan, Àlàájì ará Ọ̀yọ́, tó fi gbogbo ayé ẹ̀ gbẹ́rù jáde ní èbúté, fẹ̀yìn tì. Kò lè jókòó jẹ́ẹ́. Ó ní òun á máa sin ìsáwùrú nínú ọ̀sà ẹ̀yìnkùlé wa. Ó kó wọn sínú apẹ̀rẹ̀ oníke, ó rì wọ́n sómi. Àmọ́ ojú tó fi ń wo kọ̀nténà ní èbúté Tin Can ló fi wo apẹ̀rẹ̀: ó tò wọ́n lérí ara wọn pẹ́kípẹ́kí, kò fi àlàfo sílẹ̀. Èérí ògì ló ń dà fún wọn jẹ.

Lákọ̀ọ́kọ́, ó dáa. Ìgbẹ́ ìsáwùrú àti èérí tó ṣẹ́kù ń bọ́ sílẹ̀, ẹrẹ̀ ń sanra, akàn ń sanra.

“Ìyàwó wa,” Àlàájì ní, ó ń yan bí ẹni tó gbẹ́ ọ̀sà fúnra ẹ̀, “ìgbẹ́ adìẹ ni bàbá mi fi ń gbin iṣu. Mo ń bá ẹ fi ajílẹ̀ sómi ni.”

Ajílẹ̀ ọ̀hún ò dáwọ́ dúró. Omi ò ráyè gba àárín apẹ̀rẹ̀ kó gbá a lọ, ló bá ń rọ́ jọ sójú kan. Ẹrẹ̀ dúdú bí ọ́ìlì ẹńjìnnì, ó ń rùn bí ẹyin tó bàjẹ́. Àwọn awakọ̀ tírélà tó tò sí Wharf Road ń bú ara wọn nítorí òórùn náà. Akàn kó ẹrù wọn. Èyí tó gbẹ̀yìn bọ̀ mí lọ́wọ́ kó tó lọ.

Ìyàwó mi fa ìgèrè tó ṣófo sókè.

“Bí akàn ò bá padà, mo ń lọ bá ọmọ wa n'Ìkòròdú.”

“Èmi ńkọ́?”

“Àlàájì á máa fi ajílẹ̀ bọ́ yín.”

Mo sáré lọ pe Àlàájì. Ó ní ilẹ̀ kì í yó.

“Àlàájì,” ìyàwó mi dá a lóhùn, “ṣé ojú kan ni bàbá yín ń da ìgbẹ́ adìẹ sí, tó wá ń gbé iṣu jókòó lé e?”

Àlàájì rẹ́rìn-ín. Ó gbé apẹ̀rẹ̀ ìsàlẹ̀. Gbogbo ìsáwùrú inú ẹ̀ ti kú. Ẹ̀rín tán.

A kó ìdajì apẹ̀rẹ̀ náà kúrò, a fọ́n ìyókù ká kí omi lè máa ṣàn láàárín wọn. Òjò rọ̀, ọ̀sà kún, ó fà. Ìgèrè ṣì ṣófo. Báàgì ìyàwó mi ti wà lẹ́nu ọ̀nà.

Ọjọ́ tí ọmọ wa fẹ́ wá mú un, Àlàájì tó ń tún apẹ̀rẹ̀ tò nínú ẹrẹ̀ figbe ta.

“Yéè! Nǹkan ti gé mi lẹ́sẹ̀!”

Ìyàwó mi já wọ ẹrẹ̀ tòun taṣọ ìrìnàjò. “Ẹ má gbọ̀n ọ́n dànù o! Ẹ jẹ́ n wò ó!”

“Ìyàwó wa, ẹ̀jẹ̀ ń dà!”

“Ẹ ní sùúrù, ṣé abo ni?”

Abo ni, ẹyin kún abẹ́ ikùn ẹ̀. Ìyàwó mi rọra dá akàn padà sínú ẹrẹ̀, ó fi Àlàájì sílẹ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀, ó lọ pe ọmọ wa lórí fóònù pé kó má wulẹ̀ wá mọ́.