Rẹ̀mílẹ́kún, Ọmọ Ìyá Ẹlẹ́ní

Nígbà tí Kétu ṣì jẹ́ abúlé, bí bọ̀lẹ́kájà kan bá ń bọ̀ lórí títì Ìkòròdú, àwọn ọmọdé á ti gbọ́ ìró rẹ̀ kí ó tó yọ, wọ́n á sì sáré jáde lọ juwọ́ sí i. Rẹ̀mílẹ́kún náà máa ń sáré jáde, ṣùgbọ́n òun kì í juwọ́. Ojú awakọ̀ ló máa ń wò, bóyá bàbá òun ni.

Sùrájù ni orúkọ bàbá rẹ̀. Lọ́rì tó ń kó igi ìdáná lọ sí Èbúté Mẹ́ta ló ń wà. Ènìyàn jẹ́jẹ́ ni tẹ́lẹ̀, ẹni tó máa ń gbé ọmọ rẹ̀ sí èjìká lọ sí mọ́ṣáláṣí lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀. Ìgbà tí àbúrò Rẹ̀mílẹ́kún kú ní ìkókó ni nǹkan dàrú. Morẹ́nikẹ́, ìyá àwọn ọmọ náà, ní òun fẹ́ bá ẹ̀gbọ́n òun lọ ṣòwò ní Kùmásí, òun ò sì ní pẹ́ dé. Ó pẹ́. Sùrájù bẹ̀rẹ̀ sí í mu ògógóró. Á gbé abọ́ gàrí síwájú ọmọ nínú yàrá kan ṣoṣo tí wọ́n ń gbé, á ní òun ń bọ̀ lọ́la, ọ̀la á sì di ọ̀tunla.

Kì í ṣe pé àwọn ará agboolé ò rí ọmọ náà. Ẹni tó bá ń jẹun á bù díẹ̀ fún un, ẹni tó bá rántí á bi í bóyá bàbá rẹ̀ ti dé. Ṣùgbọ́n agboolé kún, kálukú ní ọmọ tirẹ̀, olúkúlùkù sì rò pé ẹlòmíràn ló ń mójú tó o. Irun rẹ̀ ta kókó mọ́ra wọn, egbò mú un lẹ́sẹ̀, aṣọ kan ṣoṣo tó ní sì ti ya lẹ́yìn. Kò tíì ju ọmọ ọdún méje lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan nígbà ọyẹ́, Sínótù lọ sí àtíbàbà tí àwọn obìnrin ti ń yan gàrí, ó fẹ́ fọn iná lọ sílé. Opó ni Sínótù. Àwọn ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ti dàgbà, wọ́n ti ríṣẹ́ sí rélùwéè, ó sì ku òun nìkan nínú ilé, tó ń hun ẹní tà. Ìyá Ẹlẹ́ní ni gbogbo Kétu ń pè é. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ sídìí ààrò, ó rí ọmọ kan tó ká jọ sínú eérú tó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́.

"Ta ló ní kí o sùn síbí?"

"Ibí ló gbóná, mà," ni Rẹ̀mílẹ́kún wí.

Ìyá Ẹlẹ́ní gbé ọmọ náà pọ̀n, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti dàgbà ju ẹni à ń pọ̀n lọ, ó sì gbàgbé iná tó wá fọn.

Láti òwúrọ̀ di ọ̀sán ló fi ń tú irun náà pẹ̀lú àdín. Àwọn obìnrin tó ń kọjá ní kí ó kúkú fá a. Ó ní irun náà kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Nígbà tó dirun tán, ó fi omi gbígbóná wẹ egbò ẹsẹ̀ rẹ̀, ó wọ bùbá tirẹ̀ fún un, bùbá náà sì wọ́lẹ̀ tuurutu.

Oúnjẹ ló kọ́kọ́ fa wàhálà. Bí Rẹ̀mílẹ́kún bá jẹun yó, á tún fi èyí tó kù pamọ́. Lọ́jọ́ kan, èèrà bo koríko ẹní tí Ìyá Ẹlẹ́ní tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Nígbà tó tú u wò, ó bá ẹ̀kọ tó ti kan àti àjẹkù iṣu níbẹ̀. Kí ó tó yíjú, ọmọ náà ti lóṣòó sígun ilé, ó fi ọwọ́ méjèèjì bo orí, ó ń retí ẹgba.

Ìyá Ẹlẹ́ní wọ yàrá lọ, ó gbé igbá kékeré kan tó ní ọmọrí jáde. Ó ki ẹ̀kọ méjì àti àkàrà sínú rẹ̀.

"Ìwọ lo ni igbá yìí," ó wí. "Ẹnikẹ́ni ò ní ṣí i. Èmi gan-an, àfi tí mo bá fẹ́ fi nǹkan kún un. Ebi pa ọ́ o, ebi ò pa ọ́ o, oúnjẹ á wà níbẹ̀."

Ọ̀rọ̀ náà sì rí bẹ́ẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ọmọ náà máa ń dìde ṣáá lọ wo inú igbá náà. Nígbà tó ṣe, ó bẹ̀rẹ̀ sí í mú àkàrà inú rẹ̀ fún àwọn ọmọ tí wọ́n jọ ń ṣeré. Ìgbà yẹn ni Ìyá Ẹlẹ́ní mọ̀ pé ọkàn ọmọ náà ti ń balẹ̀.

Nígbà tí Sùrájù dé tí ó bá yàrá rẹ̀ lófìfo, ìtìjú àti ìbínú ló jọ gbé e wá. Ó ní ṣé kí ayé lè máa sọ pé òun ò lè bọ́ ọmọ òun ni. Ìyá Ẹlẹ́ní ò gbé ohùn sókè.

"Sùrájù, mi ò gba ọmọ lọ́wọ́ ẹ. Bó o bá ti ìrìn àjò dé, ibí ni kó o ti máa wá jẹun, kó o lè rí i, kí òun náà lè rí ẹ."

Sùrájù wo ọmọ tó dúró lẹ́yìn ìyá náà, tó di ṣùkú, tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti kún. Ó jókòó sórí àpótí, ó sì fi fìlà bojú. Láti ọjọ́ náà, ọjọ́ Jímọ́ọ̀ lọ́jọ́ rẹ̀ níbẹ̀. Nígbà mìíràn, òórùn ògógóró á ṣáájú rẹ̀ wọlé, Ìyá Ẹlẹ́ní á sì gbé oúnjẹ rẹ̀ síta fún un. Kò jáwọ́ pátápátá, ṣùgbọ́n ó dín in kù, kò sì pa Jímọ́ọ̀ jẹ.

Ní 1955, ìjọba sọ ilé ẹ̀kọ́ di ọ̀fẹ́. Tíṣà ní kí Rẹ̀mílẹ́kún gbé ọwọ́ gba orí kọjá kó fi kan etí kejì; ọwọ́ rẹ̀ kàn án dáadáa, wọ́n sì kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Àwọn ọdún tó tẹ̀ lé e ló dùn jù láyé rẹ̀. Bó bá ti ilé ẹ̀kọ́ dé, òun àti Ìyá Ẹlẹ́ní á jọ lọ sí àbàtà lọ gé koríko. Omi á mu wọ́n dé orúnkún, ọ̀pọ̀lọ́ á máa ké, afẹ́fẹ́ á máa ti ọ̀nà odò Ògùn fẹ́ wá. Bí wọ́n bá jókòó hun ẹní, Ìyá Ẹlẹ́ní á ní kó ka ohun tí wọ́n kọ́ ọ lọ́jọ́ náà. Á máa mi orí sí àròpọ̀ àti ìyọkúrò bí ẹni tó ń gbọ́ wáàsí.

Bí ọdún 1958 ṣe ń parí lọ, obìnrin kan sọ̀ kalẹ̀ nínú lọ́rì pẹ̀lú àpótí páànù lórí, wọ́n sì júwe ilé Ìyá Ẹlẹ́ní fún un. Rẹ̀mílẹ́kún ń gbálẹ̀. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ káàbọ̀, mà. Ta lẹ̀ ń wá?"

Morẹ́nikẹ́ di òpó ilé mú. Ọmọ tó bí nínú ara rẹ̀ kí i bí àlejò.

Ó sọ ohun gbogbo fún Ìyá Ẹlẹ́ní. Ó ní nígbà tí ọmọ kejì kú, bí òun bá ti wo Rẹ̀mílẹ́kún, èyí tó kú lòun ń rí, ó sì dá òun lójú pé àwọn ẹbí bàbá rẹ̀ á tọ́jú rẹ̀. Òun ti gba yàrá sí Muṣin báyìí, òun sì fẹ́ mú un lọ. Ìyá Ẹlẹ́ní kò dá a lẹ́bi, kò sì sọ pé kò burú. Oúnjẹ ló gbé fún un.

Nígbà tí Rẹ̀mílẹ́kún gbọ́, ó sá lọ sí àbàtà. Ibẹ̀ ni Ìyá Ẹlẹ́ní ti bá a.

"Ṣé ẹ fẹ́ lé mi lọ ni?"

"Èmi kọ́. Ìyá ẹ ni, ọ̀nà jíjìn ló sì ti wá. Fún un láyè kó mọ̀ ẹ́. Ọjọ́ tó bá wù ẹ́ kó o wá, mo wà nílé."

Ó di koríko bó ti máa ń ṣe, ó gbé e ru ọmọ náà, wọ́n sì jọ lọ sílé.

Muṣin kò rọrùn. Morẹ́nikẹ́ ò mọ̀ pé ọmọ rẹ̀ kì í fi ṣúgà mu ẹ̀kọ, kò mọ ẹ̀gbẹ́ tó máa ń fi sùn. Ṣùgbọ́n ó ń béèrè, ó sì ń rántí ìdáhùn. Bí ilé ẹ̀kọ́ bá ti gba ìsinmi, òun fúnra rẹ̀ ló ń mú ọmọ náà wọkọ̀ lọ sí Kétu.

Nígbà tí Rẹ̀mílẹ́kún ń lọ sílé ọkọ, wọ́n gbé àga gbọọrọ kan kalẹ̀ fún ìyá ìyàwó. Morẹ́nikẹ́ kọ̀, kò jókòó. Ó ní níṣojú gbogbo ẹbí, "Èmi ni mo bí i. Ìyá yìí ló wò ó dàgbà. Àwọn ló ni àga." Ìyá Ẹlẹ́ní jókòó, ó sì sún, ó fa Morẹ́nikẹ́ mọ́ra. Sùrájù dúró lẹ́yìn àwọn méjèèjì, ara rẹ̀ mọ́ tónítóní, kò sì sí òórùn ògógóró lẹ́nu rẹ̀.

Àwòrán ọjọ́ náà ṣì wà lára ògiri ilé Rẹ̀mílẹ́kún ní Ifákọ̀, níbi tí òun náà ti di ìyá àgbà. Ọwọ́ Ìyá Ẹlẹ́ní ló máa ń wò jù nínú rẹ̀, ìka tí koríko ti là, tó dì mọ́ ọwọ́ Morẹ́nikẹ́ tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti kọ́lé bo àbàtà. Òórùn koríko tútù yẹn ló máa ń wù ú kó tún gbọ́, lẹ́ẹ̀kan péré.