Kókó Méjì Lára Ẹ̀rọ Bàdírátù

Ọdún méjìlélógún ni Bàdírátù fi jókòó sídìí ẹ̀rọ tẹlifóònù ní Dùgbẹ̀, láyé ìgbà tí ẹni tó bá fẹ́ bá ará Èkó sọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bá obìnrin kan sọ̀rọ̀ ní Ìbàdàn. Etí ló fi jẹun. Bí èèyàn bá wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan péré lórí wáyà, Bàdírátù ti mọ ẹni tó jẹ́. Ọ̀gá kan wà nígbà náà tó máa ń pe ìyàwó rẹ̀ láti sọ fún un pé iṣẹ́ ló dá òun dúró sọ́fíìsì. Lọ́jọ́ kan, kí Bàdírátù tó so wọ́n pọ̀, ó rọra bi í pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ìgbà wo ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sin adìyẹ ní ọ́fíìsì yín?" Láti ọjọ́ náà lọ, ọ̀gá kì í kọjá lẹ́nu ọ̀nà wọn láìbẹ̀ wọ́n wò pẹ̀lú páálí mínírà. Bàdírátù kò béèrè ìdí, kò sì kọ̀ ọ́.

Ìgbòho ni wọ́n bí i sí. Hàrúnà awọnlẹ̀ ló fẹ́ ẹ, òun ló sì kọ́ ilé tí wọ́n ń gbé ní Bódìjà. Ọdún kẹfà rèé tí Hàrúnà ti jáde láyé, àwọn ọmọ ti túká, ó wá ku Bàdírátù pẹ̀lú pálọ̀ ńlá kan àti rédíògírámù àtijọ́ tó ń pòyì láìsọ̀rọ̀. Ìgbà tí rédíògírámù náà kú pátápátá ni Mutmainah, àkọ́bí rẹ̀, pè láti Àbújá.

"Mọ́mì, ẹ jẹ́ ká ra ampilifáyà gidi fún yín, pẹ̀lú sípíkà méjì. Ṣùgbọ́n kí Dádì Ring Road bá yín lọ o. Àwọn ni wọ́n mọ̀ ọ́n."

Mánsúrù, àbúrò Hàrúnà, tó ń gbé ní Ring Road, ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Tíṣà físíìsì ni kó tó fẹ̀yìn tì. Bàdírátù kì í pe orúkọ rẹ̀, torí ilé ló bá a. Akọ̀wé mi ló ń pè é láti ọjọ́ tó ti dé ilé ọkọ. Bí ọ̀rọ̀ bá ti kan ẹ̀rọ orin, Akọ̀wé di lèmọ́mù. Ẹ̀rọ tirẹ̀, fàdákà ni lójú, ó wúwo bí ọlọ, kókó kan ṣoṣo ló sì wà lára rẹ̀, èyí tí wọ́n fi ń gbé ohùn sókè tí wọ́n fi ń rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Kò sí béèsì tó ń darí ohùn ìsàlẹ̀, kò sí tírẹ́bù tó ń darí ohùn tín-ín-rín.

"Màgòmágó ni béèsì àti tírẹ́bù," ni ó máa ń wí. "Bí olórin bá ṣe kọ ọ́ náà ni kó ṣe wọlé. Ta ni èèyàn tó máa wá bu iyọ̀ sí i?"

Wọ́n jọ lọ sí Dùgbẹ̀ lọ́jọ́rú kan. Wùnmí ni orúkọ ọmọbìnrin tó ni ṣọ́ọ̀bù, ó sì mọ ọjà rẹ̀ bí ẹni mọ ojú ọmọ. Kó tó kí wọn tán, Mánsúrù ti ń fi ìka kan orí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń wá ìbẹ́pẹ tó pọ́n. Ó rí ọ̀kan tó jọ tirẹ̀, ojú rẹ̀ tàn.

"Èyí ni. Ó parí."

"Ẹ jẹ́ ká gbọ́ ọ ná, Akọ̀wé mi," ni Bàdírátù wí, ó sì fa fúláàṣì kan yọ nínú báàgì.

Kásẹ́ẹ̀tì àtijọ́ ló ní kí wọ́n gbé sórí fúláàṣì náà ní Agbowó. Ọjọ́ tí bàbá rẹ̀, Àlàájì Bùsàrí tó ń ṣòwò àgbàdo, ti Mẹ́kà dé ni wọ́n gba ohùn náà sílẹ̀ ní Ìgbòho. Ẹnìkan gbé rẹ́kọ́dà kékeré sórí bẹ́ǹṣì, àwọn obìnrin ilé sì ń kọ wákà, ìyá Bàdírátù ló ń lé orin fún wọn. Gbogbo ẹbí ló mọ orin náà. Wọ́n ti kọ ọ́ níbi ìsọmọlórúkọ, wọ́n ti kọ ọ́ níbi ìgbéyàwó, wọ́n sì kọ ọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n sin Àlàájì fúnra rẹ̀:

*Àlàájì wa ti Mẹ́kà dé o,*
*Ó lawọ́, ó lawọ́ o,*
*Ojú gbogbo wa ló ṣe.*

Wùnmí ki fúláàṣì bọ ẹ̀rọ oníkókó kan. Ohùn Ìyá jáde, ṣùgbọ́n ó ń kùn bíi pé inú ìkòkò ló ti ń kọrin, tí ẹnìkan sì jókòó lé ìdérí. Mánsúrù dijú, ó ń mi orí.

"Ẹ ò gbọ́ nǹkan? Òtítọ́ pọ́nńbélé! Bó ṣe rí lọ́jọ́ yẹn nìyẹn."

"Akọ̀wé mi, mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ẹ̀yìnkùlé ni mo ti ń dín àkàrà. Ìyá mi ò sí nínú ìkòkò."

Wùnmí fi ọwọ́ bo ẹnu. Ó gbé ẹ̀rọ dúdú kan jáde, ó so wáyà sípíkà mọ́ ọn. Èyí ní kókó ńlá kan àti kékeré méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "Béèsì nìyí, tírẹ́bù nìyí, Mọ́mì. Ẹ máa fi ọwọ́ ara yín yí i, kí ẹ dúró níbi tó bá ti dùn mọ́ yín létí."

Mánsúrù kọ ẹ̀yìn sí wọn. Bàdírátù di béèsì mú, ó yí i sẹ́yìn díẹ̀, kíkùn náà sì rọlẹ̀ bíi pé wọ́n pa rédíò aládùúgbò. Ó yí tírẹ́bù síwájú, díẹ̀díẹ̀, bó ṣe máa ń wá ohùn èèyàn lórí wáyà láyé ọjọ́un. Ìdérí ṣí kúrò lórí ìkòkò. Ó gbọ́ àtẹ́wọ́. Ó gbọ́ ìlẹ̀kẹ̀ ara ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀. Ó gbọ́ èémí ìyá rẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀ ìlà orin. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ kan, ọwọ́ rẹ̀ sì dúró lórí kókó.

"Dá a padà sẹ́yìn, ọmọ mi."

Wùnmí dá a padà. Wọ́n tún gbọ́ ọ. Wùnmí wo ojú rẹ̀. "Mọ́mì, ẹ má bínú o. Ṣé 'ó háwọ́' kọ́ ni wọ́n wí?"

Háwọ́ ni. *Ó háwọ́, ó háwọ́ o, ojú gbogbo wa ló ṣe.* Lẹ́yìn ìlà náà, ẹ̀rín àwọn obìnrin bú jáde. Láti ogójì ọdún ni Bàdírátù ti rò pé ìdùnnú ló ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín mú òun náà, ó rín títí ó fi jókòó lórí páálí fáànù kan.

Mánsúrù kò rín. "Lawọ́ ni! Lawọ́ ni mo gbọ́! Kókó yẹn ló sọ lawọ́ di háwọ́. Ohun tí mò ń sọ láti àárọ̀ nìyí, irọ́ ló ń pa!"

Bàdírátù nu omijé. Ó rántí bàbá rẹ̀, tó máa ń fi ọ̀bẹ gé ṣúgà oníhóró kan sí méjì, tó ń fi ìdajì pamọ́ sínú fìlà fún ọjọ́ kejì. "Akọ̀wé mi, kókó yìí ò mọ bàbá mi rí. Báwo ló ṣe wá mọ ìwà rẹ̀?"

Mánsúrù ní àkókò ìrun Àìlà ti tó. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Bí ẹ bá ra oníkókó mẹ́ta yẹn, Ìyá Mutmainah, èmi ò ní wá gbọ́ orin nílé yín láé." Ó sì gba ọ̀nà mọ́ṣáláṣí lọ.

Ìgbà tó fi máa dé, páálí ti wà nínú bútù takisí, wọ́n ti fi téèpù dì í. "Èwo lẹ rà?"

"Èyí tí kò ní tàn mí jẹ," ni Bàdírátù dáhùn. Mánsúrù rẹ́rìn-ín ìṣẹ́gun, ó wọ iwájú takisí.

Bó ṣe délé, Ìgbòho ló kọ́kọ́ pè. Sìkírátù ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tẹ́tí títí ó fi ròyìn tán.

"Ṣé o ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbọ́ ọ ni?" ni Sìkírátù wí. "Gbogbo obìnrin tó wà níbẹ̀ ló mọ̀. Aṣọ kan ṣoṣo ni Àlàájì rà bọ̀ fún ìyàwó mẹ́ta, ó ní kí wọ́n máa yí i wọ̀. Àwa ń rín, ìwọ gbé àkàrà dé, o sì ń ṣe àmín."

Ọ̀rọ̀ náà dun Bàdírátù díẹ̀, òun tó jẹ́ pé etí ló fi jẹun. Ó wá pinnu láti fi etí náà mú Mánsúrù.

Ó ní aṣọ funfun kan tó fi kúróṣè hun nígbà tó lóyún Mutmainah. Ó tẹ́ ẹ sórí ẹ̀rọ, ó jẹ́ kí eteetí rẹ̀ wálẹ̀ sójú, tó fi bo kókó kékeré méjèèjì, tó sì yọ ti ohùn nìkan sílẹ̀. Kó tó bò ó, ó ti fi ọjọ́ mẹ́rin wá ibi tó yẹ kí wọ́n wà. Pálọ̀ rẹ̀, táìsì ni kálẹ̀, kò sí kápẹ́ẹ̀tì. Béèsì ń ta láti ògiri dé ògiri bí bọ́ọ̀lù, torí náà ó rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Tírẹ́bù ni ó gbé sókè.

Mánsúrù dé lọ́jọ́ Àìkú. Ó rí kókó kan, inú rẹ̀ dùn. Ó jókòó, ó dijú. Orin kò tíì pé ìṣẹ́jú kan tó fi la ojú.

"Ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀! Ṣé ẹ gbọ́ ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ yẹn? Ó ti pẹ́ tí etí mi ti gbọ́ ọ báyìí!" Ó dìde, ó ń rìn kiri bí ẹni wà ní kíláàsì. "Ohun tí mò ń wí nìyí. Kò sí àfikún, kò sí àyọkúrò! Ká ní oníkókó mẹ́ta yẹn lẹ rà, ṣé ẹ̀ bá gbọ́ eléyìí?"

"Láéláé," ni Bàdírátù wí, ó ń bu omi sí ife fún un. "Ẹ bá mi fún Mutmainah lálàyé lórí fóònù, kó lè yé e." Mánsúrù sì ṣàlàyé títí omi fi lọ́ wọ́ọ́rọ́.

Àìkú mẹ́ta ló fi wá bẹ́ẹ̀. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, ó mú ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan láti Challenge dání kí ìyẹn lè wá gbọ́ ohun tí òtítọ́ ń jẹ́. Ìgbà tí ọ̀rẹ́ náà lọ tán, Mánsúrù ń wo ẹ̀rọ náà.

"Ìyá Mutmainah, tèmi ti ń gbẹ lẹ́nu láìpẹ́ yìí. Mi ò mọ ohun tó ṣe é. Ẹ jẹ́ ká ṣe pàṣípààrọ̀. Ẹ gba tèmi, kí n gba eléyìí. Ẹ mọ̀ pé tèmi níyì jù ú lọ dáadáa."

Ó níyì jù ú lọ lóòótọ́. Èṣù wí tirẹ̀ sí Bàdírátù létí, ó sì gbọ́ ọ ketekete. Ṣùgbọ́n bó ṣe wo ojú àbúrò ọkọ rẹ̀, ó rí i pé kì í ṣe àwàdà mọ́. Ohun tó ti sọnù lọ́wọ́ ọkùnrin náà ló ń wá, kò sì mọ ibi tó gbà. Ó dìde, ó ká aṣọ náà kúrò.

Mánsúrù fa gíláàsì ojú rẹ̀ yọ nínú àpò, ó wọ̀ ọ́, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. "Kí nìyí?"

"Béèsì."

"Èyí ńkọ́?"

"Tírẹ́bù."

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ìgbà tí ẹ ti ń yin òtítọ́."

Ó nà tán, ó wá fìlà rẹ̀, ó ti wà lórí rẹ̀. "Ẹ tàn mí. Ẹ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ lójú ará Challenge."

"Mo tàn yín, ẹ forí jì mí. Ṣùgbọ́n, Akọ̀wé mi, Ṣùkúrát ìyàwó yín ní kẹ́tùlù ń súfèé lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, ẹ ò gbọ́. Etí wa ti dàgbà. Tèmi náà, àwọn ìró tín-ín-rín ti ń fò ó. Ẹ wo gíláàsì tí ẹ fi ka ohun tí wọ́n kọ síbí. Ṣé irọ́ ni gíláàsì ń pa fún yín?"

Mánsúrù yọ gíláàsì náà, ó fi sápò. Ó jáde láìmu omi rẹ̀ tán. Bàdírátù dúró lójú wíńdò títí kẹ̀kẹ́ tó gbé e fi yà sójú títì, ọkàn rẹ̀ kò sì balẹ̀. Ó pè é lọ́jọ́ kejì, kò gbé e. Ọjọ́ kẹta, kò gbé e.

Ọjọ́ kẹsàn-án ni Ṣùkúrát, ìyàwó Mánsúrù, pè é, ó ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. "Ìyálé mi, ilé ìdáná ni mo wà o. Dádì ti ra oníkókó mẹ́ta. Wọ́n sọ fún ọmọ Dùgbẹ̀ pé èmi ni mo fẹ́ ẹ. Èmi tí mi ò fẹ́ ju kí wọ́n tún fìríìjì mi ṣe lọ!"

"Kí ni ìwọ wá sọ?"

"Mo ní mo dúpẹ́. Wọ́n ti ń tún fìríìjì ọ̀hún ṣe."

Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀lé e, Mánsúrù wọlé bíi pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀ rí. Ó mú bébà kan dání tó fi rúlà fa ìlà sí: wákà, béèsì ìdá mẹ́ta, kéwú, tírẹ́bù ìdá mẹ́rin, ìròyìn rédíò, béèsì òdo. Ó ní nítorí Ṣùkúrát lòun ṣe kọ ọ́, kó má bàa ṣi kókó yí. Bàdírátù gbà á, ó kà á tìyanutìyanu, ó ní òun yóò lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri.

Wọ́n gbé wákà sí i. Mánsúrù na ọwọ́, ó yí béèsì síwájú díẹ̀. Bàdírátù na ọwọ́, ó yí i padà.

"Ọwọ́ yín le jù, Akọ̀wé mi."

"Etí yín ló fẹ́lẹ́ jù," ni Mánsúrù wí, ó sì tún na ọwọ́ sí i.