Òpó Ẹ̀gbẹ́ Pẹpẹ

Iṣẹ́ tí mò ń ṣe ní Àgọ́-Ìwòyè, iṣẹ́ fífọ́ nǹkan ni. Bí ènìyàn bá ń kọ́lé, tó sì fẹ́ mọ̀ bóyá kọnkéré tí wọ́n pò lè gbé ẹrù, wọ́n á bu díẹ̀ sínú àpótí irin onígun mẹ́rin, wọ́n á sì gbé e wá bá wa ní yàrá àyẹ̀wò. Òkúta kékeré tó bá jáde nínú àpótí yẹn là ń pè ní kíúbù. A ó rì í sómi títí ọjọ́ rẹ̀ á fi pé, lẹ́yìn náà a ó gbé e sábẹ́ ẹ̀rọ, ẹ̀rọ á máa tẹ̀ ẹ́ títí á fi là. Ibi tó bá ti là la ó ti mọ agbára rẹ̀. Àwọn tí kò mọ̀dí iṣẹ́ wa a máa bi mí pé kí ló dé tí a ń fọ́ ohun tó dára. Mo máa ń dá wọn lóhùn pé ó sàn kó fọ́ lọ́dọ̀ mi ju kó wó lé wọn lórí lọ.

Ọkọ mi ní ohùn mi le. Àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ sọ bẹ́ẹ̀ náà, ìyá tó bí mi ló sì kọ́kọ́ sọ ọ́. Èmi ò kà á sí àbùkù. Bí o bá tìtorí ojú rere sọ fún onílé pé òpó rẹ̀ dára nígbà tí kò dára, ìwọ lo pa á.

Ìjọ Aládùúrà tí ìyá mi ń lọ ní Efire bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ilé àdúrà tuntun. Ilẹ̀ ibẹ̀ kò jìnnà sí ọ̀sà, ó rọ̀, bí o bá gbẹ́ ẹ díẹ̀ o ti kan omi. Nítorí bẹ́ẹ̀ ni ẹnjiníà tó ya àwòrán ilé náà, tó ń gbé ní Abigi, ṣe sọ pé òun ò ní jẹ́ kí wọ́n gbé nǹkan lé òpó kankan tí a kò bá tíì yẹ̀ wò. Bíríkìlà tí wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún wá láti Ìjẹ̀bú-Igbó. Ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ni, kì í ṣe ọ̀kan nínú wọn. Òun fúnra rẹ̀ ló gbé àwọn kíúbù náà wá, ó sì fi ṣọ́ọ̀kì kọ ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti wá sára àpótí rẹ̀.

Ọjọ́ tí wọ́n fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀ ni wọ́n bu gbogbo wọn. Nígbà tí mo tú àpótí, ti àwọn òpó yòókù jáde wọ́ọ́rọ́, ó gan bó ṣe yẹ. Ti òpó ẹ̀gbẹ́ pẹpẹ, èyí tí wọ́n kọ́kọ́ dà láàárọ̀ ọjọ́ náà, kò gan. Mo ṣí irin, ó ya sórí tábìlì bí ẹ̀kọ tí kò jinná. Mo pe ẹnjiníà lórí fóònù, mo ní òpó yẹn kò lágbára kankan, kí wọ́n má gbé ohunkóhun lé e. Gbogbo ohun tí mo sọ nìyẹn. Kí ọ̀rọ̀ tó dé Efire, ó ti di pé bíríkìlà jí simẹ́ǹtì.

Lọ́jọ́ Ẹtì, ọkùnrin náà dé ọ̀dọ̀ mi. Àwọn àgbà ìjọ ti gba irinṣẹ́ rẹ̀, wọ́n ti irinṣẹ́ náà mọ́ yàrá. Wọ́n ní tó bá di ọjọ́ Ìsinmi ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, kó wá dúró níwájú ìjọ, kó gbé ọwọ́ lé Bíbélì, kó búra pé òun kò mú nínú simẹ́ǹtì ilé Ọlọ́run. Bí kò bá búra, wọ́n á fà á lé ọlọ́pàá lọ́wọ́ ní Abigi.

Inú ti bí mi sí i kó tó jókòó. Mo ní, "Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá mọ́, kí ló ń bẹ̀rù nínú ìbúra? Ẹ̀yin lẹ máa ń dín simẹ́ǹtì kù, tí ilé bá wó tán, ẹ ó ní àmúwá Ọlọ́run ni."

Kò bínú sí mi. Ó fi èdè Ìjẹ̀bú dá mi lóhùn pé, "Àǹtí, bí mo bá búra, wọn á ní mo búra èké, torí òpó náà ée gan. Bí mée bá búra, olè ni mí. Èwo ni n máa ṣe níbẹ̀? Uṣẹ́ yìí nìkan ni mo mọ̀. Bí wọ́n bá ti pè mí lólè ní Efire, wọn á gbọ́ ọ títí dé Ìjẹ̀bú-Igbó. Ta ló máa tún pè mí wá kọ́ ulé?"

Mo dìde láti lọ gbé ohun tó ya náà wá, kí n lè fi hàn án pé èmi kọ́ ni mo purọ́ mọ́ ọn. Mo ti kó o sínú àwo. Mo fọwọ́ rà á. Kọnkéré tí simẹ́ǹtì rẹ̀ kò tó, ṣákaṣàka ló máa ń rí lọ́wọ́, iyanrìn nìkan ni wàá máa gbọ́; bó sì ti wù kó rí, á gan díẹ̀. Èyí ń lẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́. Eérú simẹ́ǹtì kún gbogbo ìlà ọwọ́ mi. Simẹ́ǹtì wà níbẹ̀ dáadáa, nǹkan kan ni kò jẹ́ kó gan.

Mo bu nínú iyanrìn tó kó wá pẹ̀lú àwọn kíúbù, mo fọ̀ ọ́, mo wo ẹrẹ̀ rẹ̀, mo wo iyọ̀ rẹ̀. Kò ní àbùkù. Iyanrìn yẹn náà ni wọ́n fi pò èyí tó gan. Mo wá sọ fún un pé kì í ṣe olè, ṣùgbọ́n mi ò tíì mọ ohun tó jẹ́. Ojú tì mí nítorí ọ̀rọ̀ tí mo ti sọ sí i, mo sì bẹ̀ ẹ́. Ó kàn mi orí rẹ̀ ni. Ó ní, "Ẹ bá mi wá a."

Lọ́jọ́ kejì mo gba Efire lọ. Ìyá mi ni Ìyá Ìjọ níbẹ̀, mo mọ̀ pé kò sí ohun tí ìjọ ṣe láàárọ̀ ọjọ́ ìpìlẹ̀ tí kò ṣojú wọn. Mo bá wọn lẹ́yìnkùlé, wọ́n ń yan ẹja. Bí mo ṣe ní kí wọ́n sọ bí ọjọ́ náà ṣe lọ fún mi, ojú wọn tàn.

Wọ́n ní láti àtijọ́ ni ìjọ àwọn ti máa ń da oyin, iyọ̀ àti ṣúgà sínú ihò ìpìlẹ̀ kí wọ́n tó da kọnkéré lé e. Ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí àwọn rò ó pé ilẹ̀ ló kàn ń mu oyin yẹn, kò dé ara ilé. Ni wọ́n bá ní kí àwọn lébìrà dá ẹ̀rọ tó ń po kọnkéré òpó àkọ́kọ́ dúró, kí gbogbo wọn ṣí fìlà, kí wọ́n sún sẹ́yìn. Àwọn ìyá ìjọ yí ẹ̀rọ ká; bíríkìlà tó wà nísàlẹ̀ nínú ihò kò rí ohun tí wọ́n ń ṣe. Oníkálukú tú páálí ṣúgà rẹ̀ sínú rẹ̀, ó ń dárúkọ ọmọ rẹ̀. Ìyá mi ló ṣáájú wọn, ìgò oyin ni wọ́n mú dání, wọ́n dà á títí dé ìsàlẹ̀ ìgò kan, wọ́n tún ṣí òmíràn.

Oyin yẹn, èmi ni mo rà á. Mo rà á ní Ìjẹ̀bú-Igbó lọ́wọ́ àwọn tó ń kó o bọ̀ láti inú igbó, nítorí Màámi ní àwọn fẹ́ ojúlówó. Ikọ́ ni mo rò pé ó ń ṣe wọ́n.

Màámi ní, "Orúkọ wẹ ni mo kọ́kọ́ pè. Mo ní kí adùn wọ ulé wẹ. Mo ní, bí ulé Ọlọ́run yìí bá ti ń ga, bẹ́ẹ̀ ni inú wẹ á máa ga."

Mi ò bímọ. Láti ìgbà tí mo ti wọlé ọkọ, ọdún ti ń gorí ọdún, èmi àti ọkọ mi ti lọ síbi tí a lè lọ, a ò sì sọ ọ́ láàárín ara wa mọ́. Màámi nìkan ni kò dákẹ́. Mo jókòó sórí àpótí, èéfín ẹja ń wọ̀ mí lójú.

Mo ní, "Màámi, oyin yẹn àti ṣúgà ló ba òpó jẹ́. Bí wọ́n bá ti wọnú simẹ́ǹtì, kò ní gan."

"Oyin? Oyin tí a fi ń sọmọ lórúkọ?"

"Simẹ́ǹtì ò mọ̀ pé a fi ń sọmọ lórúkọ!"

Mo ti pariwo kí n tó mọ̀. Wọ́n yí ẹja tó kù lórí iná, ọ̀kọ̀ọ̀kan, títí gbogbo rẹ̀ fi tán. Wọ́n wá nu ọwọ́, wọ́n ní, "Wá fi hàn mí."

Wọ́n bá mi padà sílé wa ní Òrù, wọ́n mú ìyókù oyin náà dání. Lọ́jọ́ Ajé, mo mú wọn lọ sí yàrá àyẹ̀wò. Mo po kọnkéré ọ̀nà méjì níwájú wọn, iyanrìn kan náà, simẹ́ǹtì kan náà, omi kan náà. Mo gbé ìgò lé wọn lọ́wọ́, mo ní kí wọ́n da oyin sí ọ̀kan. Bó ṣe ń kán sílẹ̀, mo rí ètè wọn tó ń mì. Wọn ò mọ bí a ti ń da oyin láìgbàdúrà. Mo yíjú síbòmíràn.

Nígbà tí àkókò tó yẹ kí kọnkéré fi gan pé, mo ṣí àpótí méjèèjì lójú wọn. Wọ́n fi ìka lu èyí tí kò ní oyin, ó dún kó, kó, kó. Wọ́n tẹ ìkejì, àtàńpàkò wọn rì wọnú rẹ̀. Wọ́n fi etí ìró nu ọwọ́. Mo ti ń múra bí n ó ṣe ṣàlàyé fún wọn, ṣùgbọ́n wọn ò bi mí ní ìbéèrè kankan. Ohun tí wọ́n sọ ni pé, "Ọkùnrin yẹn ée jalè."

Mo ní n ó bá ẹnjiníà sọ̀rọ̀, òun á sì ṣàlàyé fún àwọn àgbà ìjọ ní kọ̀rọ̀. Màámi kọ̀. Wọ́n ní níwájú gbogbo ènìyàn ni wọ́n ti pè é lólè.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, ilé àdúrà àtijọ́ kún dé ẹnu ọ̀nà. Bíríkìlà dúró níwájú, ìyàwó rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú ìbòrí dúdú bí ẹni tó ń lọ síbi òkú. Bíbélì wà lórí tábìlì. Bàbá Wòlíì ní kó gbé ọwọ́ lé e. Bó ṣe ń na ọwọ́, Màámi dìde láàárín àwọn ìyá.

"Ẹ má jẹ́ kó búra. Èmi ni mo ba òpó náà jẹ́."

Wọ́n sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Wọn ò dárúkọ ìyá kankan mọ́ tiwọn, wọn ò sọ ti ṣúgà, oyin tiwọn nìkan ni wọ́n sọ. Ariwo sọ. Ọ̀kan nínú àwọn alàgbà dìde, ó ní, "Ìyá Ìjọ, ṣé ẹ̀ ń sọ pé àdúrà ló ba ilé Ọlọ́run jẹ́?"

Màámi ní, "Ée ṣe àdúrà. Oyin ni."

Bàbá Wòlíì ní kí ìjọ dìde tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọkùnrin náà. Àwọn kan dìde, àwọn kan ò kúrò lórí ìjókòó. Wọ́n kó irinṣẹ́ rẹ̀ jáde fún un. Ó gbà á, ó wá síwájú Màámi, ó dọ̀bálẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ ṣeun, Màmá." Mo ń bínú sí gbogbo wọn nínú ilé yẹn, àwọn tó dìde àti àwọn tó jókòó. Nígbà tí ìsìn parí, àwọn ìyá tó máa ń du àpò Màámi gbé gba ẹ̀gbẹ́ wọn kọjá láìkí wọn.

Èmi àti Màámi gba etí ọ̀sà lọ sílé. Wọ́n wọ aṣọ funfun wọn, ẹsẹ̀ lásán, wọ́n rọra ń rìn. Nígbà tó yá, wọ́n dúró.

"Mo fẹ́ bi wẹ́ ní nǹkan kan."

"Ẹ bi mí, Màámi."

"Láti ìgbà tó o ti rè ulé ọkọ, dede àdúrà mi, gbogbo ẹ̀, orí wẹ ni. Mo gbààwẹ̀ sí i. Mo gun orí òkè sí i. Omi ni, òróró ni, mée fi ọ̀kan sílẹ̀ ṣe. Ṣé ée ṣe èmi náà ni mò ń da nǹkan sí tìẹ, tí ée fi gan?"

Mo ní, "Rárá o, Màámi. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá."

Wọ́n wojú mi, wọ́n ní, "Ṣé o ti yẹ̀ ẹ́ wò ni?"

Mo bú sẹ́kún lójú ọ̀nà, níṣojú àwọn tó ń ti ìsìn bọ̀.