Omi Tí Wọ́n Ní Mo Fi Ṣòfò

Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ kan o! Èmi tí mo fi orí ru omi dàgbà ní Ṣakí, èmi tí mo máa ń da omi tí mo fi ṣan ìrẹsì sí ìdí ẹ̀fọ́ ẹ̀yìnkùlé, tí mo máa ń fi omi ìfọṣọ fọ ilẹ̀ kí n tó dà á nù, èmi náà ni ọmọ tí mo bí wò lójú tó ní mò ń fi omi ṣòfò. Ilé rẹ̀ ní Smyrna, lẹ́bàá Atlanta ní Amẹ́ríkà, ló ti sọ ọ́, nídìí tábìlì tí a ti ń jẹun. Ọ̀rọ̀ náà kò tíì kúrò lọ́kàn mi, mi ò sì ní purọ́ pé mo ti gbàgbé rẹ̀.

Ìyàwó rẹ̀ ló bímọ. Àkọ́bí wọn ni, obìnrin. Nọ́ọ̀sì ni ìyàwó, kò sì ní pẹ́ tí yóò padà sẹ́nu shift, ọmọ tèmi náà ń lọ sí ọ́fíìsì lójoojúmọ́, ni wọ́n bá fi tíkẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́ pé kí n máa bọ̀. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Mo di ẹrù mi. Bí mo ṣe dé ni mo gba iṣẹ́ ilé náà ṣe. Èmi ni mò ń wẹ ọmọ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, èmi ni mò ń fọ aṣọ rẹ̀, èmi ni mò ń fọ ìgò wàrà rẹ̀, tí mo tún ń se ọbẹ̀ tí bàbá àti ìyá rẹ̀ yóò bá nílẹ̀. Nígbà yẹn, àdúrà ni wọ́n ń gbà fún mi ṣáá. "Mummy, ẹ ṣeun. Mummy, ẹ máa pẹ́ fún wa." Mo ń ṣe àmín.

Bíìlì omi ló ba ọ̀rọ̀ jẹ́. Ọmọ mi wò ó, ó tún un wò, ó ní ó ti fi bí ìdajì ju èyí tí àwọn ń san tẹ́lẹ̀ lọ. Ìyàwó kàn gbójú sókè, ó wò mí, ó sì tún gbójú sílẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti gbé ilé ọmọ rí, ẹ mọ irú ìwò bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì ni ọmọ mi pè mí jókòó. Ó ní, "Mummy, ẹ má bínú o. Omi ibí yìí, owó ni. Kì í ṣe kànga. Tí ẹ bá ti lo ẹ̀rọ omi tán, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa pa á."

Kì í ṣe kànga! Ọmọ tí mo máa ń bá wí bí ó bá da omi sílẹ̀ kó tó délé ló wá ń kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń pa ẹ̀rọ. Mo ní, "Ọmọ tuntun wà nínú ilé yìí. Àbí ọmọ tuntun kì í lo omi ni?" Ó ní ọmọ jòjòló kò lè lo omi tó bẹ́ẹ̀. Ó sọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni ń bá aláìsàn sọ̀rọ̀. Mo ní ó dáa.

Kẹ́ni kẹ́ni má baà ní agídí ni mo ṣe, mo dín omi kù. Mo pa ṣáwà tì. Mo wá bọ́kẹ́ẹ̀tì kékeré kan, mo ń pọn omi sí i, mo ń fi ike bù ú wẹ̀. Omi tí mo bá fi ṣan aṣọ ọmọ ni mò ń dà sí tọ́lẹ́ẹ̀tì, mi ò tẹ̀ ẹ́ mọ́. Nínú ilé tó ní yàrá ìwẹ̀ mẹ́ta, mò ń wẹ̀ bí ọmọ iléèwé bọ́dìn. Eegun ẹ̀yìn ń dùn mí tí mo bá bẹ̀rẹ̀, mi ò sọ fún ẹnì kankan.

Bíìlì kejì dé. Kò fi bẹ́ẹ̀ dín. Mo rò pé wọn yóò ní, "Háà, kì í ṣe Mummy nìyẹn." Rárá o! Mo wà lókè, mò ń pọn ọmọ, mo gbọ́ ohùn ìyàwó láti kíṣìnì: "Bóyá ìgbà tí a bá ti lọ síbi iṣẹ́ ni wọ́n máa ń lò ó." Mo dúró kí n gbọ́ ohun tí ọmọ mi yóò fi dá a lóhùn. Ó ní, "Ó ṣeé ṣe."

Ó ṣeé ṣe! Ọmọ tí mo fún lọ́mú! Ọ̀rọ̀ ti kúrò ní pé ìyá àgbà kò mọ ẹ̀rọ í pa, ó ti di pé ó ń purọ́, pé ó ń ṣe bí ẹni tó ń fi bọ́kẹ́ẹ̀tì wẹ̀ lójú wọn, tó wá ń ṣí ẹ̀rọ sílẹ̀ lẹ́yìn wọn. Mo tẹ́ ọmọ sílẹ̀, mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, mo sunkún. Mi ò tijú láti sọ ọ́.

Ibi tí mo ti ń sunkún náà ni ọ̀rọ̀ kan ti sọ sí mi lọ́kàn. Ọ̀sẹ̀ tí mo dé, mo rí àwọn òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ omi tí wọ́n ń ṣí ìdérí irin kan nínú koríko iwájú ilé. Mo tilẹ̀ kí wọn kú iṣẹ́. Wọ́n yọ mítà àtijọ́ kúrò, wọ́n fi tuntun sí i, ojúlé dé ojúlé ni wọ́n ṣe é. Ìgbà yẹn gan-an ni bíìlì bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Mo sọ̀ kalẹ̀ lọ bá àwọn méjèèjì, mo ní mítà tuntun yẹn ló ń purọ́, kì í ṣe èmi.

Ọmọ mi rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Mummy, Nàìjíríà ni mítà ti máa ń purọ́."

Mo ní, "Ó dáa. Ní kí wọ́n wá yẹ̀ ẹ́ wò. Bó bá ń sọ òtítọ́, ẹ máa pè mí lópùrọ́. Bó bá ń purọ́, ẹ dá orúkọ mi padà fún mi. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ lọ wá ẹlòmíì tí yóò máa wẹ ọmọ yín." Èyí tí mo sọ gbẹ̀yìn yẹn ló wọ̀ wọ́n létí. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì ni ọmọ mi pe iléeṣẹ́ omi. Wọ́n ní àwọn yóò yọ mítà náà, àwọn yóò fi òmíràn dí àyè rẹ̀, pé ẹni tó bá fẹ́ fojú ara rẹ̀ rí àyẹ̀wò náà lè wá. Mo ní màá lọ. Ọmọ mi ní kò pọn dandan. Mo ní màá lọ.

Ibi tí wọ́n ti ń yẹ mítà wò, gbọ̀ngàn ńlá kan tó tutù ni, ilẹ̀ rẹ̀ rin fún omi. Obìnrin kan ló ń ṣe iṣẹ́ náà, aláwọ̀ dúdú ọmọ ibẹ̀, ó sanra dáadáa, ó wọ bàtà òjò, ó ń jẹ ṣingọ́ọ̀mù. Kò kí wa tayọ̀tayọ̀, èmi náà ò sì bá tayọ̀tayọ̀ wá. Ó de mítà wa mọ́ páìpù lórí tábìlì irin gígùn kan. Omi yóò gba inú mítà kọjá, yóò sì bọ́ sínú táńkì tí wọ́n ti sàmì sí lára, tó jẹ́ pé kò sí àríyànjiyàn lórí iye omi tó wọ inú rẹ̀. Bí ohun tí mítà kà bá bá ti táńkì mu, olóòótọ́ ni mítà.

Ó kọ́kọ́ ṣí omi gan-an, ó ń ya. Ó bá mu. Ó ṣí i níwọ̀nba, ó tún bá mu. Ó wá dín in kù títí tó fi tín-ínrín bí òwú, mo ń gbàdúrà sínú pé kí mítà yẹn ṣàṣìṣe. Ó bá mu rẹ́gí. Obìnrin náà ní kò sí nǹkan tó ṣe mítà wa.

Ara mi tutù. Ẹni tí mo pè pé kó wá fẹ́ mi lójú, ata ló fi sẹ́nu. Ọmọ mi fọwọ́ kan èjìká mi, ó ní, "Mummy, ẹ jẹ́ ká máa lọ. Kò sí wàhálà. Ó ti tán." Ohùn tí wọ́n fi ń bá olè tí wọ́n ti dárí jì sọ̀rọ̀ ni. Ká ní ó pariwo mọ́ mi ni, ì bá sàn.

Mi ò dìde. Mo fi gẹ̀ẹ́sì mi bi obìnrin náà pé, mítà tí wọ́n yọ kúrò nílé wa lọ́jọ́sí ńkọ́, ṣé wọ́n ti jù ú nù? Ọmọ mi ní, "Mummy, ẹ jọ̀ọ́ o." Obìnrin yẹn ní àwọn tí wọ́n yọ ládùúgbò wa ṣì wà nínú àwọn àpótí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, nítorí wọ́n máa ń yẹ díẹ̀ wò lára wọn kí wọ́n tó lọ tà wọ́n fún àwọn tó ń ra irin. Mo ní kó bá mi wá tiwa. Ó ní kì í ṣe ohun tí ọmọ mi bèèrè nìyẹn. Mo ní èmi ló ń bèèrè. Mo fìdí mọ́ àga. Ó kùn, ó wo nọ́ńbà lórí kọ̀ǹpútà, ó tú àpótí, ó tún kùn, ó sì mú un jáde. Idẹ àtijọ́ ni, ara rẹ̀ ti hu àwọ̀ ewé.

Ó dè é mọ́ tábìlì kan náà. Nígbà tó ṣí omi gan-an, mítà àtijọ́ ń kà, ṣùgbọ́n ohun tó kà kò tó ti inú táńkì. Nígbà tó ṣí i níwọ̀nba, ó tún rẹ̀yìn sí i. Ó wá dín omi kù. Omi ń ṣàn, mo ń gbọ́ ìró rẹ̀ nínú táńkì, abẹ́rẹ́ ojú mítà kò mì rárá. Obìnrin náà fi ìka kàn án, pàbó. Ó yíjú sí ọmọ mi, ó ní mítà yìí ti ń sùn tipẹ́, pé ara rẹ̀ ló ti jẹ nínú. Pé ọ̀pọ̀ omi ni wọ́n ti lò nílé wa tí kò kà. Pé èyí tuntun kò fi nǹkan kan kún un, ó kàn ń ka gbogbo ohun tí wọ́n ń lò ni.

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu mi. Mo pàtẹ́wọ́. Ẹni tó ń sọ òtítọ́ ni mo ti ń bú látọjọ́ yìí, èyí tó ń tan gbogbo wa ti wà nínú àpótí! Ó tán, mi ò fi omi ẹnikẹ́ni ṣòfò, mi ò purọ́. Mo yíjú sí ọmọ mi kí n gbọ́ ohun tí yóò wí.

Òun náà ń rẹ́rìn-ín. Ó ti gbé fóònù sétí, ó ti pe ìyàwó rẹ̀: "Babe, o ò ní gbà gbọ́. Láti ọjọ́ yìí wá, omi ọ̀fẹ́ la ti ń lò!" Mo gbọ́ tí ìyàwó náà kígbe ayọ̀. Ọmọ mi bi obìnrin tó yẹ mítà wò bóyá wọn yóò gba owó àtẹ̀yìnwá, obìnrin náà ní rárá, ọmọ mi dúpẹ́ lọ́wọ́ Jésù. Láti ibẹ̀ títí a fi dé Smyrna, ọ̀rọ̀ omi ọ̀fẹ́ ló ń sọ. Mò ń dúró kó ní, "Mummy, ẹ foríjì mí." Ó yà lójú ọ̀nà, ó ra adìyẹ díndín fún mi. Adìyẹ! Nígbà tí a délé, ìyàwó ní, "Mummy, ẹ lè máa lo ṣáwà báyìí."

Mo ní kí wọ́n wá ọjọ́ tí màá padà sílé. Lọ́jọ́ ìsinmi tó ṣáájú ìrìnàjò mi, a lọ sí ìjọ wọn. Ìyá kan nínú ìjọ, tí kò ju àbúrò mi lọ, dì mọ́ mi lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní, "Ṣé Màmá Olómi fẹ́ fi wá sílẹ̀ lóòótọ́?"

Mo ní, "Ta ni Màmá Olómi?"

Ojú tì í díẹ̀. Ó ní eré ni, kí n má bínú, pé ọmọ mi ló sọ ìtàn náà nípàdé àdúrà, bí ìyá òun ṣe dé láti Nàìjíríà tó rí ẹ̀rọ, tó ṣí i sílẹ̀ látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Ó ní gbogbo àwọn rẹ́rìn-ín títí, àtìgbà náà ni àwọn ọmọdé pàápàá ti ń pè mí bẹ́ẹ̀. Mo wá ọmọ mi lọ. Mo bi í, "Lẹ́yìn tí a dé láti ọ̀dọ̀ àwọn tó yẹ mítà wò, ṣé o padà lọ sọ fún wọn pé kì í ṣe èmi?" Ó ń wo bàtà rẹ̀. Ó ní, "Mummy, ó ti pẹ́. Wọ́n ti gbàgbé." Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò lé e bá. Òtítọ́ lé e bá lóòótọ́, ojú ọmọ mi ló ṣe, ṣùgbọ́n ọmọ mi mú òtítọ́ náà délé, ó tì í mọ́ ibẹ̀.

Lẹ́yìn ìwàásù, pásítọ̀ ní kí n jáde wá dúpẹ́. Wọ́n fún mi ní máíkì. Ọ̀rọ̀ náà pé lẹ́nu mi: tábìlì irin, táńkì, abẹ́rẹ́ tí kò mì. Bí mo bá là á sílẹ̀, kí wọ́n tó ṣe àdúrà ìparí, orúkọ mi yóò ti mọ́. Mo wo ọ̀dọ̀ ọmọ mi. Ó gbé ọmọ dání, ó wọ kóòtù, láàárín àwọn ọkùnrin ìjọ tí ó jẹ́ aṣáájú fún, ojú rẹ̀ sì ń bẹ̀ mí. Bí mo bá sọ ọ́, wọn yóò bi ara wọn léèrè irú ọmọ tó ń pe ìyá rẹ̀ lópùrọ́ nítorí omi, tó tún gbé e jáde lọ fi ṣe ẹ̀rín. Ẹni bímọ ọ̀ràn ní í pọ̀n ọ́n.

Mo ní, "Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó fi ọmọ-ọmọ hàn mí. Ọmọ mi àti ìyàwó rẹ̀ tọ́jú mi. Kò sí ohun tí wọn ò ṣe fún mi." Mo dá máíkì padà.

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ohùn ọmọdé kan ké láti ẹ̀yìn, "Bye-bye, Màmá Olómi!" Gbogbo ìjọ bú sẹ́rìn-ín. Ọmọ mi náà bá wọn rẹ́rìn-ín.